Obì Tí Adégbóyèga Kò Lè Fi Eyín Kàn

Ẹ má bá mi káàánú Adégbóyèga. Bí àánú bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún obìnrin tí ẹ ó bá pàdé níwájú. Ẹnu Adégbóyèga fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn yìí, ó sì sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹkún náà kò wú mi lórí. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ata sójú kò yẹ kó máa pe ará àdúgbò wá wo omijé.

Obì ni Adégbóyèga ń tà ní Òsí, ní nǹkan bí ọdún 1983. Òun ló máa ń ra gbànja lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ títí dé Ararọ̀mí-Ọ̀pin, yóò bó o, yóò fọ̀ ọ́, yóò fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, yóò sì dì í pamọ́ títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí obì bá wọ́n, tí Alájì Sàhéèdì yóò gbé ọkọ̀ ńlá wá láti Ìlọrin.

Ẹni tó bá ń pa obì mọ́ mọ ìyà tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ óò máa tú apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lóòrèkóòrè, ẹ óò máa yẹ obì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ óò ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ dànù, ẹ óò pààrọ̀ ewé. Iṣẹ́ sùúrù ni. Adégbóyèga kò sì ní sùúrù kankan, àfi kó wọ aṣọ funfun jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n máa kí i ní ọ̀gá olóbì.

Ní ọdún tó ṣáájú, Alájì Sàhéèdì ya obì rẹ̀ kan sí méjì níwájú gbogbo ènìyàn. Kòkòrò kan yọ orí jáde bí onílé tí wọ́n kanlẹ̀kùn mọ́.

Alájì ní, "Adé, obì lo ní kí n wá rà, àbí ẹran?"

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò tán lára ọkùnrin wa. Kò wí pé òun ò yẹ obì òun wò tó. Ó ní kòkòrò ló dójú ti òun, òun yóò sì gbẹ̀san lára kòkòrò.

Ó lọ ra oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó ní Ìlọ́fà. Ẹni tó tà á fún un na ìka sí i.

"Ara igi ni tiẹ̀ o. Kò gbọdọ̀ kan ohun tí ènìyàn ń jẹ."

"Mo gbọ́, mo gbọ́," ni Adégbóyèga wí, ó ti ń sáré lọ wọ ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ní inú ń run òun. Ìyàwó rẹ̀, Moróhunfọ́lá, pọn ọmọ tó ń mú lọ́mú, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe ń kọrin níbẹ̀ ni olóbì wa ń po oògùn sínú bàsíà. Ó fi obì sí i, ó rò ó, ó yọ ọ́, ó sá a sórí ẹní. Òórùn rẹ̀ ń rùn bí àlùbọ́sà tó ti rà. Ó fi ewé tuntun dì í.

Mo bi í léèrè: "Ṣé ẹnu ènìyàn kò wá sí ọ lọ́kàn rárá?"

Ó ní, "Òkè-Ọya ni ó ń lọ. N kò mọ ẹni tó máa jẹ ẹ́."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Lójú tirẹ̀, ẹni tí a kò mọ̀ kì í ṣe ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ògúndípẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ìyá kan náà bí wọn. Nínú agbo ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ògúndípẹ̀ kì í lọ sóko láìní obì lẹ́nu, kò sì sí ẹ̀gbọ́n tó ń tọrọ obì lọ́wọ́ àbúrò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí Adégbóyèga kò sí nílé, ó já apẹ̀rẹ̀ kan, ó bu obì kún àpò, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti ń fi aṣọ tí wọ́n so mọ́ igi gbé e bọ̀ láti oko. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń làágùn, ó ń bì, ó ń ṣu, gbogbo ẹran ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n da epo pupa sí i lẹ́nu. Damaris, ìyàwó rẹ̀, ìyá Owólabí, so gèlè mọ́ ìdí, ó ń ké pé kí wọ́n wá ọkọ̀.

Adégbóyèga, tó ti padà dé, ló bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó kúrò nílé, ó ti rí obì nínú àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó jù ú sínú ṣáláńgá. Ọwọ́ rẹ̀ yá níbẹ̀ yẹn!

Dókítà tan iná sí ojú Ògúndípẹ̀. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ǹjẹ́ ó fọwọ́ kan oògùn kòkòrò? Ǹjẹ́ ó jẹ ohun tí wọ́n fín oògùn sí?"

"Rárá o, sà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Àgbẹ̀ iṣu ni."

Dókítà mi orí. Ó ní, "Àmì tí mò ń rí kò jọ ti iṣu. N óò tọ́jú rẹ̀ bí mo ṣe rí i. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀: oògùn kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé, bí ara bá ti yá tán, tí ẹ ti gbàgbé, ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà, yóò tún lọ bá iṣan ẹsẹ̀ jà. Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó o, tàbí tó bá kú tipiri, kì í ṣe ayé o. Oògùn yẹn náà ni. Ẹ gbé e padà wá kíákíá."

"A dúpẹ́, sà."

Nígbà tí Damaris dé pẹ̀lú oúnjẹ, ó bi í pé, "Ọkọ mi kékeré, kí ni dókítà wí?"

Ọkọ mi kékeré ni Damaris máa ń pè é, torí ó ti wà nílé ṣáájú kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé. Obìnrin yìí ló se oúnjẹ fún un títí ó fi láya.

Adégbóyèga ní, "Ó ní inú rírun lásán ni."

Ara Ògúndípẹ̀ yá. Ó padà sílé, ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jó lọ síwájú pẹpẹ. Ta ló jó tẹ̀ lé e? Adégbóyèga ni! Aṣọ funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ń ju ọwọ́ sókè bí ẹni tó gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu kìnnìún.

Ẹ óò ní ó ti da obì náà nù. Kò dà á nù o. Alájì Sàhéèdì dé, ó ya obì wò, kò rí kòkòrò, ó gbá a lẹ́yìn, ó kó o lọ. Apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, èyí tí Ògúndípẹ̀ já, nítorí kò kún mọ́, Alájì kò sì gbà á. Adégbóyèga tì í sí igun yàrá. Ó ní òun ń ronú ohun tí òun yóò fi í ṣe.

Bí ìdúpẹ́ ṣe ń kúrò lẹ́nu ni Ògúndípẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé èèrà ń rìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Iṣan ń fà á láti orúnkún sísàlẹ̀. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ní mọ̀, àfi bí wọ́n bá ké sí i. Nígbà tó yá, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń jù ú sílẹ̀ bí adìẹ inú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà kò lè dìde mọ́.

Adégbóyèga nìkan ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ dókítà ń dún létí rẹ̀ bí agogo. Gbólóhùn kan péré ni: "Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ dókítà." Ṣùgbọ́n dókítà yóò tún béèrè oògùn, oògùn yóò dé orí obì, obì yóò dé orí ọ̀gá olóbì. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ọwọ́ kan, ó gbé orúkọ ara rẹ̀ sí èkejì, orúkọ ló wúwo jù lójú rẹ̀.

Kí ó dákẹ́ ìbá tilẹ̀ sàn. Ó sọ̀rọ̀.

Nígbà kan ṣáájú àìsàn yìí, Ògúndípẹ̀ ń fẹ́ opó kan ní Ìlọ́fà. Damaris bínú, ó sì sọ ọ́ sójú agbo ilé pé, "Ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń lọ Ìlọ́fà lójoojúmọ́ yìí, yóò rẹ̀ yín." Ọ̀rọ̀ owú ni. Obìnrin wo ni kò sọ irú rẹ̀ rí?

Níjọ́ tí wọ́n gbé Ògúndípẹ̀ lọ sí ilé àdúrà, tí wòlíì béèrè bóyá ó bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Adégbóyèga wúkọ́.

"Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn," ló wí. "Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó wa sọ nípa ẹsẹ̀."

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Òsí ti gbọ́ pé Damaris ló fi nǹkan sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó máa ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ kò rà mọ́. Wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Damaris gbé omi lọ fún un, ọkọ náà wò ó lójú, ó ní, "Damaris, tú mi sílẹ̀. Ìwọ lo dè mí. Àjẹ́ ni ọ́."

Damaris kúnlẹ̀, ó ní òun kò ṣe nǹkan kan. Adégbóyèga wà níbẹ̀, ó ń wo àjà.

Àwọn ìbátan tún gba ìmọ̀ràn pé kí wọ́n fi bíríkì gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ náà kí ẹ̀jẹ̀ lè jí. Ògúndípẹ̀ kò ké, wọ́n sì rò pé ó ń ṣe ọkùnrin. Kò mọ ìgbóná ni! Àwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó mọ́ bíríkì. Damaris bú sẹ́kún, wọ́n ní ẹkún àjẹ́ ni.

Ìgbà tó yá ni Bàbá Lábọ̀dé, olórí ẹbí, pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò gùn: kí Damaris jẹ́wọ́, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Òkè-Ọ̀pin, ilé bàbá rẹ̀, kí ó fi ọmọ sílẹ̀. Wọ́n ti di ẹrù náà fún un sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kò tilẹ̀ dúró de ẹjọ́. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ wà lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri.

Bàbá Lábọ̀dé ní, "A kì í fi ẹnu òfìfo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àgbà. Adé, mú obì wá."

"Obì ti tán, Bàbá."

"Obì tán ní ulé olóbì! Ẹ gbọ́ nǹkan."

Ojú ti Moróhunfọ́lá. Ó rò pé ahun ni ọkọ òun ń ṣe níwájú ẹbí. Ó dìde.

"Kò tán, Bàbá. Apẹ̀rẹ̀ kan ṣì wà ní igun yàrá."

Adégbóyèga fò dìde. "Dúró, èmi ni yóò..."

"Jókòó," ni Bàbá Lábọ̀dé wí. "Ṣé obìnrin kò lè gbé obì ni?"

Ó jókòó. Moróhunfọ́lá dé pẹ̀lú àwo. Obì náà ń dán, ó pupa, kò ní ihò kankan. Bàbá Lábọ̀dé yí ọ̀kan sọ́tùn-ún sósì.

"Kòkòrò ò kan eléyìí o! Adé, o ti mọṣẹ́."

Ó gbàdúrà pé kí obì bi ukú, kí ó bi àrùn, kí ó bi òfò. Gbogbo wọn ṣe àmín. Ó ya obì. Ó wá na awẹ́ kan sí Adégbóyèga. Nínú ẹbí yẹn, ẹni tó ni obì ló ń kọ́kọ́ fi eyín kàn án, kí àwọn yòókù tó jẹ. Èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bàbá wọn bá a bẹ́ẹ̀.

"Eyín ń dùn mí, Bàbá."

"Eyín wo?"

"Ti ẹ̀yìn."

Ẹnì kan ní, "Ìwọ tí o jẹ àgbàdo sísun láàárọ̀ yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adégbóyèga náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ẹ wo ọkùnrin! Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tí wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rà lórí ẹní, òun ń pa irọ́ eyín.

Bàbá Lábọ̀dé ní, "Kò burú. Tọkọtaya, ara kan ni. Moróhun, bá a tọ́ ọ wò."

Moróhunfọ́lá kúnlẹ̀, ó gba awẹ́ náà. Ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Adégbóyèga sọ fún mi pé òun ṣírò rẹ̀. Ó ní òun rò ó pé awẹ́ kan kò ní pa á, pé bóyá oògùn ti ń ṣá, pé bí ó bá tilẹ̀ bì díẹ̀, ìpàdé á ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọkọ fúnra rẹ̀ jókòó, ó ń ṣírò ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ tó ń mu ọmú lára rẹ̀. N kò tíì dárí ìyẹn jì í, kò sì kàn mí.

Moróhunfọ́lá fi eyín gé e.

"Tu ú!" Ohùn Adégbóyèga jáde bí ti ẹni tí ejò bù jẹ. "Moróhun, tu ú dànù! Fọ ẹnu rẹ! Fọ ẹnu rẹ!"

Ó ti fò dé ibẹ̀, ó ti gbá àwo dànù, obì fọ́n kálẹ̀. Moróhunfọ́lá tu ú, ó sáré lọ sídìí ìkòkò omi. Àwọn àgbà fà sẹ́yìn. Gbogbo wọn ń wo obì nílẹ̀ bí ẹni pé yóò rìn.

Damaris ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Ọkọ mi kékeré, kí ló wà nínú obì tí Bàbá Owólabí jẹ lọ sóko?"

Adégbóyèga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa obì nílẹ̀.

"Mo bi ọ́. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Oògùn kòkó," ló wí.

"Kí ni dókítà wí?"

Ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ wàyí, bàsíà, ọjọ́ Ìsinmi, ìbéèrè dókítà, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, iṣan ẹsẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni Ògúndípẹ̀ ń yí ojú kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọjú sí i tán.

"O mọ̀," ni Ògúndípẹ̀ wí. "Wọ́n ń fi bíríkì jó mi, o mọ̀."

Bàbá Lábọ̀dé dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo gbà á lẹ́sẹ̀. Ìwọ ni yóò máa pọ̀n ọ́n títí Ọlọ́run yóò fi dá sí i. Ibi tó bá wí pé òun ń lọ, ibẹ̀ lò ń lọ. Wọ́n ò sì ní tún pè ọ́ ní olóbì mọ́ ní ulé yìí."

Wọ́n yíjú láti bẹ Damaris. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti gbé ẹrù tí wọ́n dì fún un, ó ti pe àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ti wà lójú títì. Ẹnu tó lé e kò rójú dá a dúró.

Moróhunfọ́lá kò ṣàìsàn. Wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn, wọ́n bo apẹ̀rẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Alájì Sàhéèdì, èsì tó fi ránṣẹ́ ni pé obì ti kọjá Ṣókótó. Ta ló jẹ ẹ́ níbẹ̀? Ta ni wọ́n fẹ̀sùn kàn nítorí rẹ̀? Adégbóyèga ní òun ń rò ó nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn!

Wọ́n gbé Ògúndípẹ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà yẹn. Wọ́n tọ́jú ojú ọgbẹ́ iná, wọ́n ń na ẹsẹ̀ fún un, wọ́n ní díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ lè padà, gbogbo rẹ̀ kọ́. Dókítà kò wo Adégbóyèga lójú.

Ọjọ́ tí Ògúndípẹ̀ kọ́kọ́ lè jókòó dáadáa, ó ní òun ń lọ sí Òkè-Ọ̀pin lọ bẹ ìyàwó òun. Ọkọ̀ já wọn sí ojú títì. Adégbóyèga bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gùn ún lẹ́yìn, wọ́n gba àárín ìlú kọjá lọ́sàn-án gangan. Àwọn obìnrin tó ń sá gbágùúdá dúró wò wọ́n. Aṣọ funfun ti di aṣọ ìpọnmọ.

Damaris jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó kí wọn. Ó gbé omi wá, ó fi àga fún ọkọ rẹ̀. Adégbóyèga dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, obìnrin náà kò sọ fún un pé kó dìde, kò sì sọ pé kó má dìde.

Ògúndípẹ̀ sunkún. Ó ní, "Ìyá Owólabí, dárí jì mí. Àbúrò mi ló ṣe é. Ṣé o ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Oògùn kòkòrò ni. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Damaris wo ẹsẹ̀ méjèèjì tó rọ̀ sílẹ̀ lórí àga. Ó tẹ̀ ba, ó fi aṣọ nu eruku kúrò lára wọn. Ó wá dìde.

"Oògùn kòkòrò ló mú ẹsẹ̀ yín, Bàbá Owólabí, mo gbà. Ṣé òun náà ló mú ẹnu yín?"

Ògúndípẹ̀ fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú.

"Ọkọ mi kékeré parọ́ fún yín, ẹ gbà á gbọ́. Èmi tí a jọ sùn láti ìgbà èwe sọ òtítọ́, ẹ pè mí ní àjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó gbé yín lọ. Òun lẹ gbà gbọ́."

Ó gbé ife omi, ó wọlé. Adégbóyèga dúró títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sunkún tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n. Wọ́n tún gba iwájú àwọn obìnrin tó ń sá gbágùúdá kọjá lọ síbi tí ọkọ̀ wà.